Ọlọ́nkà Kì í Ṣe Kóńgò

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín láti máa wá òmùgọ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí kiri," ni Mùnírátù máa ń sọ fún àwọn tó bá wá bá a kẹ́dùn. "Òun náà ló wà níwájú yín yìí. Ó fi ìdí ńlá jókòó, ó wé gèlè lé orí tí kò ní nǹkan nínú."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè béèrè. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti sin Lubabah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àgbàlá ilé ní Madina ti Gánà kún fọ́fọ́: àwọn obìnrin ọjà, àwọn ará Ìnísà tí wọ́n jọ wá sí Gánà, àwọn Háúsá láti Zongo, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ Gã tí wọ́n ń pè é ní Maame Alata, ìyẹn ìyá Yorùbá. Wọ́n á jókòó lórí ẹní, wọ́n á kí i, wọ́n á sì dákẹ́. Mùnírátù kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Láti ìgbà tí ọmú mi ti ń wo òkè ni mo ti ń tajà nínú ọjà yìí," ni yóò wí, "ẹ wá wo ibi tó ń wò báyìí. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun kí ẹ ní, 'Mùnírátù, kóńgò mélòó ló wà nínú ọlọ́nkà?', n ó dá yín lóhùn kí n tó la ojú. Ọlọ́nkà ni agolo ńlá tí gbogbo Gánà fi ń wọn ọjà, kóńgò ni tiwa nílé, ọlọ́nkà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kóńgò méjì. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ewúrẹ́ tó ń jẹ kiri ọjà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó dórí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, kóńgò ni mo fi wọn ọlọ́nkà. Ẹ sọ fún mi, ṣé orí nìyẹn àbí àgbá òfìfo?"

Ẹ̀rín rẹ̀ á wá jáde. Gbogbo ọjà Madina ló mọ ẹ̀rín yẹn. Ó máa ń ti ikùn bọ̀, á mi ọmú, á mi àpótí tó bá jókòó lé, ẹni tó bá wà ní ìsọ̀ kẹta á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn tó wá kẹ́dùn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹnu nìkan ni ẹ̀rín náà ti ń jáde. Ikùn kò mì.

Ẹnì kan wà tí kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Fàdílátù ni, ọmọ Mùnírátù, ìyá tó bí Lubabah. Ó ń ta ẹja inú yìnyín ní Tema, ibẹ̀ náà ló sì ti sáré dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò sọ ju "ẹ ṣé, ẹ kú ìrọ́jú" lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ gan-an nìyí, àti èyí tí Mùnírátù ń sọ, àti èyí tó ń fò kọjá.

Láti ìgbà tí wọ́n ti já Lubabah lẹ́nu ọmú ni wọ́n ti gbé e fún ìyá àgbà rẹ̀, torí nínú ìdílé wọn, ilé ìyá àgbà ni àkọ́bí ọmọ ń dàgbà sí. Ọmọ náà ga, ó dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì yára. Ọjà Kantamanto ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn tó ń tún aṣọ òkè òkun ṣe: wọ́n á tú bélì, ìdì ńlá aṣọ, èyí tó bá ya nínú rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tó di ọ̀sán, ṣòkòtò tó ti di àkísà á ti di ohun tí ọkọ ìyàwó lè wọ̀ jáde.

Nínú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, yẹ̀rì Lubabah bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí. Ó mú abẹ́rẹ́, ó rán an kó fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún rán an. Mùnírátù ká a mọ́ balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

"Ta ló fún ẹ lóyún? Tètè sọ, omi ń tutù. Bó bá jẹ́ ọmọ Anago bíi tiwa ni, n ó rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ọmọ Gã, n ó kọ́kọ́ sunkún díẹ̀ kí n tó rẹ́rìn-ín."

"Màmá, ẹ̀yin náà! Ọkùnrin wo ló máa wá fún egungun lóyún?"

"Àwọn ajá ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sóyún, rírù ọmọ náà kò sì dúró. Omi wá di ọ̀rọ̀. Lubabah á fi eyín ja etí omi inú ọ̀rá, á fà á gbẹ, á ja òmíràn, á fà á gbẹ, á sì máa wo ẹ̀kẹta. Ìgbà mẹ́rin, márùn-ún ló ń dìde tọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, títí Mùnírátù fi gbé póò sí ẹsẹ̀ ibùsùn fún un. Bílẹ̀ bá mọ́, èèrà á ti yí etí póò náà ká.

Àwọn àgbà mọ ohun tí èèrà ń wá nínú ìtọ̀. Mùnírátù náà mọ̀ ọ́n; ẹni tó ń ta ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ fún ọgbọ̀n ọdún kò lè ṣàìmọ èèrà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá póò náà, ó sì ka ohun tó rí bí oníṣòwò ṣe ń kà á. Bí eku bá lu àpò ṣúgà, ìdí àpò ni èèrà máa ń tò sí, torí ibẹ̀ ni ṣúgà ń jò sí. Bí ó bá wá ń jò sílẹ̀ báyìí, kí ló kù nínú àpò?

"Ṣúgà ara rẹ ń dà nù," ló sọ fún ọmọ náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí ìdí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àtàlátà, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n máa wo òṣù ààwẹ̀, àwọn kan tó wọ aṣọ funfun gbé tábìlì kalẹ̀ sábẹ́ agbòòrùn ní etí Kantamanto. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò fún ẹni tó bá fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Rasheedah, ọ̀rẹ́ Lubabah tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ló fà á lọ síbẹ̀. Wọ́n gún un níka, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n pe ara wọn jọ, wọ́n sì tún gún ìka mìíràn. Wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kan: orúkọ, ọjọ́ orí, 23.8. Wọ́n tún kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀ lédè òyìnbó.

Lubabah kò padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wọ trótró, ọkọ̀ akérò, ó wá tààrà sí ìsọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ nínú ọjà Madina.

Ó bá Mùnírátù láàárín àwọn oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe máa ń rí fún oníṣúgà. Ẹni tó máa gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kókó gbígbóná, ẹ̀kọ mímu àwọn ará Gánà, ṣínu, kókó kò sì ṣeé mu láìsí ṣúgà; gbogbo Zongo, gbogbo Madina, tọkọtaya, tọmọtọmọ, ló ń ra ṣúgà lọ́sẹ̀ náà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni Mùnírátù ti ń retí àwọn àpò tó máa ti Tema dé. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n já wọn. Ó ń wọ̀n ọ́n lọ́lọ́nkà lọ́lọ́nkà, ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ọn dé igbá àyà, ó ń jó, ó ń bú àwọn tó ń ná ọjà.

"Màmá," ni Lubabah wí, "wọ́n yẹ̀ mí wò. Wọ́n ní ṣúgà mi kò dáa. Wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù lónìí, kí n má sùn sílé."

"Jẹ́ n rí i." Mùnírátù nu ọwọ́ sí ìdí, ó gba káàdì náà, ó sì mú un jìnnà sójú. Òyìnbó ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé kà fún un, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tó lè sá fún un. "Mẹ́tàlélógún? Mẹ́tàlélógún ó lé díẹ̀? Ṣé wọ́n ní ó ga ni àbí ó lọ sílẹ̀?"

"Mo rò pé wọ́n ní ó ga."

"O rò?"

"Orí ń fò mí, Màmá. Òyìnbó wọn ń yára."

Mùnírátù fi ọlọ́nkà sílẹ̀, ó mú fóònù. Ó ní àbúrò kan nílé ní Ìnísà, Fáòsíà, tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ọdún méje. Fáòsíà ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù bí ẹni ń ka ìròyìn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọgọ́rùn-ún lé méjìlá ni lónìí o, Alihamudulilahi." Tàbí, "Ọgọ́sàn-án ni, ẹ̀bà ló bà mí jẹ́." Lọ́jọ́ kan ó já sí méjìdínláàádọ́ta, Fáòsíà ṣubú sídìí àdògán, omi ṣúgà tí wọ́n dà sí i lẹ́nu ló jí i. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin nínú ẹbí: bí nọ́ńbà bá ti kéré, ṣúgà ni, kíákíá.

"Fáòsíà, jókòó kó o tó dá mi lóhùn. Wọ́n yẹ Lubabah wò. Mẹ́tàlélógún ni."

"Mẹ́ta kí ni?" Ohùn Fáòsíà gba orí ọjà kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ náà ṣì ń mí? Èmi tí mo wà ní méjìdínláàádọ́ta, mo ti ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lọ́run! Ẹ fún un ní ṣúgà! Kí lẹ tún ń bá mi sọ? Ẹ ju fóònù sílẹ̀ kí ẹ fún un ní ṣúgà!"

Ó pa fóònù. Àwọn oníbàárà ti ń pariwo pé àwọn ń dúró.

"Màmá," ni Lubabah tún wí, jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí ọsibítù náà. Lónìí ni wọ́n wí."

Ibí yìí ni Mùnírátù ń fò kọjá bó bá ń sọ ìtàn náà fún àwọn tó wá kẹ́dùn.

Ó wo ọmọ náà. Ó wo àwọn àpò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó wo èrò, kò sì rí ẹni tó lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà ọjà lè gbọ́:

"Ọsibítù kẹ̀! Kí a lọ jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí dókítà tó jáde wá sọ pé ṣúgà ni kí a lọ rà? Èmi Mùnírátù, mo jókòó lórí ogún àpò ṣúgà, kí wọ́n wá gbọ́ pé ọmọ ọmọ oníṣúgà kú torí pé kò rí ṣúgà lá? Ẹ̀yin aráyé, ẹ gbà mí! Bí a bá ti fojú kan òṣù, ọjà á dẹwọ́, n ó fọwọ́ ara mi mú ẹ lọ. Lá ṣúgà, jàre."

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, àwọn tó wà ní ìdí ẹran náà gbọ́ ọ. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, obìnrin alátà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí ata. Lubabah náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpò kan, ó sì gba ife tí wọ́n nà sí i, omi tó ní kóró ṣúgà mẹ́jọ nínú.

Ohun tó tẹ̀lé e, Mùnírátù ń sọ ọ́ pátá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Máàlítì láàárọ̀, kókó olóyin lọ́sàn-án, mílíìkì alágolo tó ń fi ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ tuntun. Ọmọ náà ń mu ún torí òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Bó bá sì ti mu ún, òǹgbẹ náà á tún le sí i, wọ́n á tún gbé òmíràn wá. Omi lásán ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Omi tútù lásán, Màmá. Díẹ̀."

"Omi lásán kò ní agbára," ni Mùnírátù ń fèsì, ó sì gbé gbogbo omi inú ọ̀rá kúrò nínú yàrá. "Omi ló ń ṣan ṣúgà rẹ dà nù."

Láràárọ̀ Fáòsíà ń béèrè láti Ìnísà pé ṣé ó ti gòkè. Láràárọ̀ Mùnírátù ń wo póò, èèrà sì ń pọ̀ sí i. Ó ṣì ń jò, ló rò. Ó tún fi kún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lubabah bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ní inú ń ta òun. Mùnírátù tẹ̀ mọ́ ọn láti nu ẹnu rẹ̀, òórùn tó gbọ́ sì mú un tají: bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti rà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.

"Lubabah, ta ló ń fún ẹ lọ́tí?"

"Ọtí wo, Màmá?" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó fẹsẹ̀ sáré láti Kantamanto dé ilé. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ ń fún mi ní gbogbo ohun tí mo ń mu."

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Mùnírátù sáré wálé láti ìsọ̀ pẹ̀lú agolo mílíìkì lábẹ́ apá. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó. Ó yí orí padà pẹ̀lú ìpọ́njú.

"Màmá, ṣé wọ́n ti rí òṣù?"

"Rárá o. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin."

Lubabah mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí Mùnírátù ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mílíìkì náà ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde, kò gbé e mì. Ìgbà yẹn ni igbe sọ nínú ilé náà. Yusif, awakọ̀ takisí tó ń gbé lẹ́yìnkùlé, gbé ọmọ náà lápá méjèèjì. Ó ní òun kò mọ̀ pé àgbàlagbà ènìyàn lè fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gún un níka, ẹ̀rọ kọ̀ láti kọ nọ́ńbà kankan. Ó kọ létà méjì péré. Nọ́ọ̀sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún Mùnírátù ní èdè Twi: ó ga ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè kà lọ.

"Ó ga?" ni Mùnírátù wí. "Kì í ṣe pé ó lọ sílẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì ti sáré padà sídìí ibùsùn. Wọ́n fi omi sí i lápá méjèèjì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ti ìyá àgbà jáde. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí dókítà jáde wá, obìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Fàdílátù ti dé láti Tema nígbà náà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja tó ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà béèrè ohun tí wọ́n ti ń fún ọmọ náà jẹ. Mùnírátù sọ ọ́, láti orí kóró ṣúgà mẹ́jọ dé orí oyin. Ó sọ ti Fáòsíà, ó sọ ti èèrà, ó tú kókó tó ta sétí aṣọ rẹ̀, ó sì mú káàdì náà jáde.

Dókítà gbà á, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà náà.

"Màmá, òṣùwọ̀n méjì ló wà," ló wí. "Ẹ̀rọ tiwa níhìn-ín, bó bá kọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ara le nìyẹn. Ti àbúrò yín, nǹkan kan náà yẹn, ọgọ́rùn-ún ni yóò pè é. Mẹ́tàlélógún tó wà níbí yìí, bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ti àbúrò yín wọ̀n ọ́n, ó ti lé ní irinwó."

Mùnírátù gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló yé e, ju bó ṣe lè yé ẹnikẹ́ni nínú ọsibítù yẹn lọ. Ó rí agolo méjèèjì níwájú rẹ̀, ńlá àti kékeré, wọ́n jókòó ti ara wọn.

"Irú àtọ̀gbẹ tirẹ̀ kọ́ ni ti àbúrò yín náà," ni dókítà ń bá a lọ. "Ti àgbà, oògùn oníhóró àti ṣíṣọ́ oúnjẹ jẹ lè ká a lọ́wọ́ kò. Èyí tó ń mú ọ̀dọ́, ara fúnra rẹ̀ ló ń ba ibi tó ń pèsè ínsúlínì jẹ́, ínsúlínì ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó tó wọnú ẹran ara. Kì í ṣe oúnjẹ kankan ló fà á. Ṣúgà kún ìta, ilẹ̀kùn tì, ebi sì ń pa ẹni tó wà nínú ilé. Òun ló fi rù. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ nìkan ló lè gbà á. Ní báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kan bí ògì."

Fàdílátù la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí wọ́n bá mú un wá lọ́jọ́ Àtàlátà ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ Àtàlátà," ni dókítà wí, "ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn." Ó yí káàdì náà padà. "Wọ́n kọ ọ́ síbí yìí: kó lọ sí ọsibítù lónìí, kó má sùn sílé. Màmá, ṣé ọmọ náà kò sọ fún yín ni?"

Mùnírátù wo dókítà. Ó wo Fàdílátù, tó ti yíjú sí i.

"Kò sọ," ló wí.

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Láyé rẹ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, Lubabah kú. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Mùnírátù ló fọ irun orí rẹ̀, ó sì rí i pé èèrà kan ṣoṣo ń rìn létí ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ orí náà, ó ń wá nǹkan. Kò pa á.

Bẹ́ẹ̀ ni òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta yìí ṣe bá a nínú àgbàlá, tó ń sọ ìtàn náà fún ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ka iye rẹ̀ mọ́. Ìsọ̀ wà ní títì. Lọ́la ni wọ́n ń wo òṣù. Àwọn mìíràn nínú àwọn tó wá kẹ́dùn kò tíì rí ṣúgà ààwẹ̀ rà, wọ́n sì ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí Mùnírátù kó ìyókù ọjà sí, ojú ń tì wọ́n láti béèrè.

"Kóńgò ni mo fi wọn ọlọ́nkà," ni Mùnírátù ń wí. "Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ Gã ní ìṣirò! Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta orí, ẹ bá mi ra ọ̀kan. Tokúnbọ̀ náà dáa, ẹ wò ó fún mi ní Kantamanto."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà náà ni Rasheedah wọlé, ọ̀rẹ́ Lubabah, òwú ìránṣọ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Gánà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò gún, ó máa ń wá ọ̀rọ̀ kiri kó tó rí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú Mùnírátù, ó sì bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo mú un lọ sí ìdí tábìlì yẹn. Èmi náà ì bá tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù."

"Dìde, ọmọ mi. Kò sí ẹ̀bi rẹ níbẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé èmi ni òmùgọ̀. Dìde, jókòó, wọ́n á fún ẹ lómi."

"Mo pè é lọ́jọ́ yẹn, lọ́jọ́ Àtàlátà." Rasheedah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo bi í pé, 'Ṣé o ti dé ọsibítù?' Ó ní òun wà ní ìsọ̀ yín. Ó ń rẹ́rìn-ín, Màmá! Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Rasheedah, mo sọ fún Màmá pé kí a lọ, kó o wá gbọ́ ohun tí Màmá fi dá mi lóhùn níwájú gbogbo ọjà! Ẹ̀rín máa pa ẹ́!' Ó ní bí òun bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, òun á sọ ọ́ fún mi. Kò sì wá mọ́."

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ bo ẹnu. Mùnírátù la ẹnu, ẹ̀rín tó máa ń tètè bọ́ sí i lẹ́nu kò bọ́. Alátà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà, tó dọ̀bálẹ̀ lórí ata lọ́jọ́ náà, tẹ orí ba, ó ń yẹ ìka ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

Lẹ́nu ọ̀nà, Fàdílátù gbé ẹ̀yìn kúrò lára ògiri. Ó dìde, ó rìn láàárín àwọn ẹní dé iwájú ìyá rẹ̀, ó sì rọra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rasheedah, bí ọmọ tó dáa ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi," ló wí, "kí lẹ fi dá a lóhùn?"